Kànga tí Bàbá Mi Dí ní Lásùnwọ̀n

Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú
Ọjọ́ kejìlá oṣù Rájábù, ọdún Hijira 1281, èyí tí àwọn òyìnbó Èkó ń pè ní 1864

Bàbá mi Súbérù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá mi Kúlúsúmù pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ní lẹ́tà kéwú tí ẹ kọ́ mi. Tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, tèmi ni, kì í ṣe ti Kàsímù ọkọ mi. Mùsílímátù tó ń ná ọjà Ẹ̀jìnrìn ló máa mú un wá.

Ẹ ti gbọ́ pé àwọn Ẹ̀gbá dó tì wá. Ìwọ̀ oòrùn ìlú ni wọ́n wà, a ń rí èéfín oúnjẹ wọn láti orí odi. Ọ̀nà oko ti dí, apá ọ̀sà nìkan la fi ń mí. Kàsímù àti Sàlímọ́nù àbúrò rẹ̀ ń bẹ nídìí ìbọn lójoojúmọ́. Ẹ mọ Sàlímọ́nù, òun ló ru ẹrù mi láti èbúté dé ilé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ rèé. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú láti gun odi, a sì lé wọn padà. Láti ìgbà náà wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n òkìtì erùpẹ̀ kan ń ga sí i lẹ́yìn àgọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn ní odi tiwọn ni wọ́n ń mọ. Èmi ọmọ agbẹ́kànga mọ̀ pé ẹni tó ń kó erùpẹ̀ síta ń wọlẹ̀ níbì kan. Abẹ́ odi ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé.

Mo ti ri ìkòkò mẹ́fà mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odi, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń wá omi. Mo fi awọ ewúrẹ́ bo ẹnu wọn, mo fà á le, mo sì da ẹyọ ọkà bàbà díẹ̀ sórí awọ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá ń gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí, ọkà á máa fò. Mo tún ń fi ọ̀pá irin gígùn tí ẹ fún mi gún ilẹ̀, mo ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ohun tí mo bá rí ni mo ń fi amọ̀ mọ sórí pátákó gbòòrò kan: yangí lókè, iyanrìn lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ dúdú níbi tí omi wà, kí ojú lè rí inú ilẹ̀ bí ẹni gé iṣu sí méjì. Wọn kò lè gba ibi tí omi wà. Wọn kò lè gba ibi tí òkúta wà. Ibi tí iyanrìn gbígbẹ bá wà lábẹ́ yangí ni kí a ṣọ́.

Ẹ rántí kànga tí ẹ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn àna yín lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, ní igun odi Lásùnwọ̀n, tí ẹ sì dí padà nítorí pé ẹ kan òkúta. Ìdúró ènìyàn mẹ́ta lẹ ní òkúta náà wà. Mo ti mọ ọ́n sórí pátákó mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Èmi wà nínú yàrá ìyàwó nígbà náà, wọn kò jẹ́ kí n jáde wá wò ó.

Ọmọ́táyọ̀, ẹni tó ń ṣe olórí odi apá ọ̀dọ̀ wa, rẹ́rìn-ín nígbà tí Kàsímù sọ fún un. Ó ní ìyàwó Kàsímù ń da ọkà fún ilẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Mo fẹ́ kó wá wò ó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ohun gbogbo dá mi lójú kí ó tó wá. Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Mùnírátù


Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Rájábù

Mùnírátù,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. A wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun.

Oṣù mẹ́jọ ni o kò fi kọ̀wé sí mi. Nígbà tí o wá kọ, ìkòkò ni o fi bẹ̀rẹ̀, ìkòkò ni o fi parí. O kò bèèrè bóyá ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti san. O kò bèèrè ẹni tó ń di okùn mú fún mi báyìí tí mo bá wọ inú kànga. Lọ́dún tí wọ́n fi ìbọn lé wa kúrò ní Èkó, èjìká mi ni mo gbé ọ lé wọnú ọkọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà la ti jọ ń gbẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́, ìwọ lókè, èmi nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà o lọ.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: di ẹrù rẹ, kí o bá Mùsílímátù padà wá. Mo ti sá fún ìbọn rí, ojú kò tì mí, mo sì wà láàyè. Jẹ́ kí àwọn tó ni Ìkòròdú ṣọ́ Ìkòròdú.

Nípa ti awọ, ti ewúrẹ́ kékeré tí kò tíì bímọ ni kí o lò, kí o máa fi omi nù ún láràárọ̀ kó má baà dẹ̀. Nípa ti kànga Lásùnwọ̀n, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ohun tí mo sọ nígbà náà ni mo sọ. Má dárúkọ mi fún àwọn ológun rẹ.

Bàbá rẹ,
Súbérù


Lásùnwọ̀n
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣàbánì

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi, mo sì bá a kẹ́dùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo jẹ̀bi pé n kò bèèrè. Ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Mo bi yín bí òkúta ṣe fẹ̀ tó, ẹ ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo bi yín ní ọ̀rọ̀ odi, ẹ ní kí n di ẹrù. Ẹ tún ní mo lọ. Ta ló jókòó níwájú ìdílé Kàsímù tó ní òun gbà? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni? Kí ló wá dé tí mo fi di ẹni tó sá lọ lójú yín? Ẹnikẹ́ni kò jí mi gbé. Tí mo bá sì padà wá báyìí, kí ni kí ọkọ mi sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣọ́ odi? N kò ní wá.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ́táyọ̀ ti wá sílé wa. Kàsímù kò jẹ́ kó sinmi títí ó fi wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pátákó náà, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ọgọ́ta ìbọn péré ni mo ní fún apá ibí. Ibo ni ilẹ̀ tìrẹ yìí ní kí n kó wọn sí?” Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè, iyanrìn gbígbẹ wà níbẹ̀, yangí sì nípọn lórí rẹ̀ bí òrùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n lè gbà. Ní apá àbàtà, omi wà, kò séwu. Ní igun Lásùnwọ̀n, òkúta wà, kò séwu. Ó bi mí ta ló rí òkúta náà. Mo ní bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ Súbérù agbẹ́kànga.

Ní ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo ìbọn igun náà lọ sí ẹnubodè, ó ku ènìyàn mẹ́fà péré níbẹ̀. Sàlímọ́nù wà lára wọn. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má dárúkọ yín. Mo dárúkọ yín nítorí pé orúkọ yín ni wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ẹ kò mọ bó ti rí kí a máa sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Mùnírátù


Lásùnwọ̀n
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣàbánì

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò rí èsì ìwé tí mo kọ kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ìkíni pọ̀ nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń wá lọ́wọ́ yín.

Ọkà ń fò lórí ìkòkò tó wà ní igun Lásùnwọ̀n. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin. Ti ẹnubodè kò mira rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé odó Wùnmí, obìnrin tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, ló ń fà á. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má gún nǹkan fún àárọ̀ kan. Ó bi mí pé ṣé kí àwọn ọmọ òun má jẹun kí ilẹ̀ lè sinmi ni. A sọ̀rọ̀ síra wa, àwọn àgbà ilé ló pa wá lẹ́nu mọ́. Ní ìparí, kò gún nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì kí mi mọ́ láti ìgbà náà. Ọkà ṣì ń fò.

Ẹ máa ń sọ pé òkúta máa ń gbé ìró wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, tí òkúta yín wá ń gbé ìró náà wá sí igun? Àbí òkúta náà kò fẹ̀ tó bí mo ṣe mọ ọ́n, tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá? Tí mo bá ní kí Ọmọ́táyọ̀ kó ìbọn padà, tó sì jẹ́ ẹnubodè ni wọ́n gbà, èmi ni mo ṣí i sílẹ̀ fún wọn. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin nìkan lẹ ti wọ ibẹ̀ rí. Ẹ sọ fún mi bí òkúta náà ti rí. Tí inú bá ń bí yín sí mi, ẹ jẹ́ ká parí ìyẹn lẹ́yìn ogun.

Mùnírátù


Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ kẹta oṣù Ràmàdáànì

Mùnírátù,

A ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa.

Ó ju oṣù kan lọ báyìí, n kò rí ìwé rẹ. Wọ́n ní ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ọjà Ẹ̀jìnrìn ná dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì rí Mùsílímátù. Mo ń lọ sí etí omi lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ láti wo ọkọ̀ tó ń dé. Ìyá rẹ ló ń bá mi bi àwọn atukọ̀ léèrè. Wọ́n ní Ìkòròdú kò tíì bọ́. Ju ìyẹn lọ, wọn kò mọ nǹkan kan.

Mo rò pé ò ń bínú nítorí ohun tí mo kọ. Tí o bá ń bínú, kọ ìbínú náà sínú ìwé kí o fi ránṣẹ́. Ìwé tí ìbínú kún inú rẹ̀ sàn fún mi ju kí n máa padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Mo gbẹ́ kànga fún Bísíríyù tó ń ta ẹja gbígbẹ. Mo sọ ibi tí omi wà, a gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sómi. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi káàkiri. N kò bá wọn jiyàn. Ká ní o wà níbẹ̀ ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ àná, nígbà tí a fẹ́ ṣínu, ìyá rẹ bu àkàmù sí abọ́ mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló tún gbé ẹ̀kẹta kúrò.

Súbérù


Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Ràmàdáànì

Mùnírátù ọmọ mi,

Kò sí òkúta níbẹ̀. Kọ́kọ́ lọ sọ fún olórí odi yín kí o tó ka ìyókù. Kò sí òkúta kankan ní igun Lásùnwọ̀n. Iyanrìn gbígbẹ ni, láti abẹ́ yangí títí dé ibi tí mo gbẹ́ dé, ìdúró ènìyàn mẹ́ta. Kí wọ́n kó ìbọn padà síbẹ̀ lónìí.

Ìwé rẹ méjèèjì dé pọ̀ láàárọ̀ yìí. Àìsàn dá Mùsílímátù dúró sí Ẹ̀jìnrìn, abẹ́ ẹní ni ó kó wọn sí títí ara rẹ̀ fi le. Bàdírù apẹja ní òun á tu ọkọ̀ wá tààrà, ó ń dúró dè mí bí mo ti ń kọ èyí.

Etí mi ti kú. Ó tó ọdún márùn-ún tó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀, ó máa ń dúró tì mí, á tún ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sọ sókè bí ẹni ń bá mi ṣe àwàdà. Ní ọdún tó kẹ́yìn tí o lò nílé, tí mo bá gbé etí rẹ lé ìkòkò, tí mo bi ọ́ pé kí lo gbọ́, o rò pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́ ni. O máa ń sọ pé omi, èmi náà á ní o gbọ́ dáadáa. N kò gbọ́ nǹkan kan. Etí rẹ la fi ń jẹun.

Nígbà tí mo wá gbẹ́ kànga fún àwọn àna mi, ìwọ ti wọ yàrá ìyàwó. Mo dá gbé etí lé ilẹ̀, mo díbọ́n pé mo gbọ́. Mo ní omi wà ní ìdúró ènìyàn méjì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò sómi, mo tún gbẹ́, kò sómi. Gbogbo ìdílé ọkọ rẹ dúró lókè, wọ́n ń wò mí. Ìwọ̀sí yẹn pọ̀ jù fún mi. Mo ké sókè pé mo kan òkúta. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, mo ní yangí fẹ́ já, kí wọ́n jẹ́ kí n tètè dí i. Irọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó ti parí.

Àforíjì pọ̀ tí mo fẹ́ tọrọ, ṣùgbọ́n Bàdírù ń dúró.

Súbérù


Lásùnwọ̀n
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ràmàdáànì

Bàbá mi,

Mo dúró dè yín títí. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo gbé ọ̀pá irin lọ sí orí kànga tí ẹ dí, lọ́jọ́ kẹwàá. Sàlímọ́nù bá mi tì í. Ó wọlẹ̀ ní ìdúró ènìyàn méjì láìkan nǹkan kan. A so ọ̀pá mìíràn mọ́ ọn, ó kọjá ìdúró ènìyàn mẹ́ta, ó tún ń lọ. Nígbà tí a fà á jáde, iyanrìn funfun ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbẹ, ó ń dà nù lọ́wọ́ mi. Sàlímọ́nù wò mí, ó ní, “Ìyàwó wa, òkúta dà?”

Mo sáré lọ bá Ọmọ́táyọ̀. Mo ní mo ṣìṣe, kó kó ìbọn padà sí igun. Ó ní, “Lóṣù tó kọjá o ní òkúta ni. Lónìí o ní iyanrìn ni. Èwo ni kí n fi ẹ̀mí àwọn ènìyàn lé?” Mo ní ti òní. Ó bi mí ta ló rí ti òní. Mo ní èmi ni. Ó ní Súbérù agbẹ́kànga ló rí ti tẹ́lẹ̀, òun kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé kan. Bàbá, orúkọ yín ni ó fi lé mi jáde.

Ni Kàsímù àti Sàlímọ́nù àti àwọn márùn-ún ìyókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún kànga náà gbẹ́ fúnra wọn, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n rò pé tí àwọn bá rí ihò náà, Ọmọ́táyọ̀ á gbà. Sàlímọ́nù ló wà nísàlẹ̀ lọ́sàn-án àná. Ó ní kí a dákẹ́, òun ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Kò pẹ́ sí i tí ilẹ̀ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ ló já sí, àwọn yẹn sì wà níbẹ̀. A gbọ́ ìbọn kan. Kí Kàsímù tó lè fa okùn, gbogbo iyanrìn ẹ̀gbẹ́ kànga wó lulẹ̀, ó dí ihò náà mọ́ Sàlímọ́nù àti àwọn tó bá níbẹ̀.

Ọmọ́táyọ̀ kó ènìyàn wá lẹ́yìn tí ó ti parí. Ihò náà ti kọjá odi ní ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Ká ní wọ́n ráyè jáde, ẹ̀yìn wa ni wọn ì bá yọ sí. Ìlú kò bọ́. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n rí Sàlímọ́nù hú jáde, a sì sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ìyá ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí bàbá mi fi ní òkúta wà níbẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Mùnírátù


Lásùnwọ̀n
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ràmàdáànì

Bàbá mi,

Bàdírù dé lánàá. Ó ní ìjì dá òun dúró lórí ọ̀sà. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀kan fún ara mi, mo sì kà á sókè fún Kàsímù. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó padà sórí odi.

Mo kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ilẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin ń gbọ́ ohun tí mo ń gbọ́, pé tí mo bá ṣìṣe ẹ máa mọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Etí yín tó kú kọ́ ló dùn mí. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ kò gbọ́ mọ́ ni, ǹ bá jẹ́ etí yín láìbèèrè ohunkóhun. Òkúta yẹn ló dùn mí. Mo bi yín kí ogun tó dé ibẹ̀, ẹ ní ohun tí ẹ sọ lẹ sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi fún ìgbà díẹ̀.

Mùnírátù


Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ṣàwálì

Mùnírátù ọmọ mi,

O ní kí n má kọ̀wé, mo sì ti dúró ju oṣù kan lọ. Tí kò bá tíì tó lójú rẹ, pa ìwé yìí mọ́ kí o kà á nígbà tó bá wù ọ́.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí a kírun tán ní yídì, mo dìde mo sọ fún gbogbo jámáà pé n kò gbọ́ràn mọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí wá omi mọ́. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹnu wọn ń mì. Ìyá rẹ ní àwọn kan sunkún, àwọn kan sì ní àwọn ti ń fura.

Láti ìgbà náà mo ti ń lọ láti ilé dé ilé. Kànga Bísíríyù, mo sọ fún un pé mo kàn fi ìka tọ́ka síbẹ̀ ni, n kò gbọ́ omi kankan. Kànga ilé àwọn Ṣàmsúdéènì, mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé amọ̀ líle wà nísàlẹ̀ tí kò lè wó. Kò sí amọ̀ líle, mo ní kí wọ́n fi igi gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ró kí ọmọ má baà kó sí i. Ó ku mẹ́rin tí n kò tíì dé. Wọn kò fi ọ̀yàyà gbà mí níbi gbogbo.

Ìwé kejì tó wà nínú èyí jẹ́ ti ìyá Kàsímù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, n kò sì fi nǹkan kan bò. Bá mi kà á fún un, má yọ ohunkóhun kúrò. Tó bá fẹ́ kí n wá dúró níwájú òun, màá wá lọ́jọ́ tó bá dá.

Mùnírátù Àníkẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri. Lọ́jọ́ tí o máa bá ọkọ rẹ lọ, o ti fẹ́ wọ ọkọ̀, o tún padà wá bá mi níbi tí mo dúró sí. O di ọwọ́ mi mú, o sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ ti wà nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa tún un sọ fún mi. Mo rò pé ò ń dágbére ni, mo sì fèsì bí mo ṣe máa ń fèsì fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kí ni o sọ?

Bàbá rẹ,
Súbérù


Lásùnwọ̀n
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì lẹ́yìn ààwẹ̀

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí ìyá mi.

Ogun ti túká. Àwọn ọmọ ogun òyìnbó wá láti Èkó pẹ̀lú ìbọn ńlá, àwọn tó dó tì wá sì sá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà oko ti ṣí. Wùnmí ti ń kí mi. Ọmọ́táyọ̀ ní kí n mọ gbogbo ilẹ̀ abẹ́ odi ìlú sórí pátákó, láti ẹnubodè kan dé èkejì. Mo ní màá ṣe é lọ́jọ́ tó bá sọ níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ pé mo wá bá òun lọ́jọ́ kẹwàá Ràmàdáànì, òun sì lé mi. Kò tíì sọ ọ́.

Mo ka ìwé yín fún ìyá ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀wé, ó sì fi í sínú àpótí aṣọ Sàlímọ́nù. Kò ní kí ẹ wá, kò sì ní kí ẹ má wá. Kàsímù ní kí n wá kí yín ní Iléyá. N kò tíì mọ̀ bóyá màá wá. Inú ṣì ń bí mi, Bàbá, ó máa ń wá láàárọ̀ tí mo bá ń kọjá níbi igun yẹn.

Ẹ bi mí ní ohun tí mo sọ ní etí omi. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, pé n kò tíì fẹ́ lọ, pé tí ẹ bá lè ní kí n dúró, màá dúró.

Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀.” Mo sì wọ ọkọ̀.

Mùnírátù